Ta Ni Yóò Mú Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìbọn ní Ibi Àpéjọ

Alága ní kí n má pẹ́ lórí ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ òun náà ló fún mi ní ọ̀rọ̀ tó gùn. Ẹ bá mi fara dà á díẹ̀.

Àbá tó wà níwájú ẹgbẹ́ wa kò ṣòroó kà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ìbọn wọ ibi àpéjọ ẹgbẹ́ mọ́, ì báà jẹ́ ọjọ́ ìpàdé, ì báà jẹ́ ọjọ́ ọdún. Nígbà tí a kà á síta, ohùn méjì ló dìde sí i. Àwọn àgbà ọdẹ ní àbùkù ni, pé ìbọn lọ́wọ́ ọdẹ dà bí ọkọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀, irinṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, mo máa padà sí i. Àwọn ọ̀dọ́ wa kan, tí wọ́n ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà, tún ní ṣebí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló lajú jù wá lọ, pé níbẹ̀ kálukú ló ń gbé ìbọn rẹ̀ lọ síbi tó wù ú, kò sẹ́ni tó ń dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn kejì yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn, torí mo ti jókòó ka òfin wọn. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tó wà nínú òfin wọn gan-an sì wúlò fún wa ju ìròyìn orí fóònù lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí: Amẹ́ríkà kò ní òfin ìbọn kan ṣoṣo. Ìpínlẹ̀ 50 ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ilé aṣòfin tirẹ̀ àti gómìnà tirẹ̀. Lókè gbogbo wọn ni ìwé òfin ńlá orílẹ̀-èdè wọn wà, èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀tọ́ níní ohun ìjà kún láti ọdún 1791. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá ẹjọ́ kan tó ti New York wá, ó ní ẹ̀tọ́ náà kò mọ sínú ilé, pé ènìyàn lè gbé ìbọn jáde láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Àwọn ọmọ wa gbọ́ apá yẹn. Wọn ò gbọ́ ìyókù. Ilé ẹjọ́ kan náà ní àwọn ibi kan wà tí òfin lè dá ìbọn dúró sí: ilé aṣòfin, ilé ẹjọ́, ibùdó ìdìbò.

Ìpínlẹ̀ tí mo yàn láti bá yín sọ ni Arizona. Mo yàn án torí pé ó wà lára àwọn ibi tí òfin ìbọn ti rọ̀ jù lọ. Láti ọdún 2010, nígbà tí gómìnà Jan Brewer fọwọ́ sí òfin rẹ̀, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21 lè fi ìbọn sábẹ́ aṣọ rìn láìgba ìwé àṣẹ kankan, àyàfi tí òfin bá ti kọ̀ fún un nítorí ọ̀ràn tó ti dá. Ẹ ò rí i pé bó bá jẹ́ pé ibì kan wà tí wọn kì í ti í dá ènìyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, Arizona ló yẹ kó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti pẹ́ níbẹ̀. Arizona kò tíì di ìpínlẹ̀ nígbà náà, ọdún 1912 ló tó dì í. Ìlú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tombstone, ìlú àwọn tó ń wa fàdákà, ọtí pọ̀ níbẹ̀, owó pọ̀, ìjà pọ̀. Ní ọdún 1881 ìgbìmọ̀ ìlú ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ohun ìjà kiri nígboro. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú, tàbí tó ń jáde lọ, òfin fojú fò ó bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ló ń lọ fi ìbọn rẹ̀ pamọ́ tàbí tó ń lọ gbà á níbi tó fi pamọ́ sí, tí kò sì fi àkókò ṣòfò. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí kò sọ. Kò sọ bí àkókò náà ṣe gùn tó. Kò sọ ta ni yóò gba ìbọn náà lọ́wọ́ àlejò.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n mú ọkùnrin kan, Ike Clanton, wọ́n bu owó ìtanràn lé e lórí pé ó gbé ìbọn kiri, wọ́n sì gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú, Virgil Earp, pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ méjì àti ọ̀rẹ́ wọn kan lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ Clanton pé kí àwọn náà kó ìbọn wọn sílẹ̀. Àwọn kan ní wọ́n ti ń múra àtikúrò nílùú, àwọn kan ní irọ́ ni. Ìbọn dún ní nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ènìyàn mẹ́ta kú. Ìjà yẹn ni wọ́n ń fi ṣe sinimá kiri ayé títí dòní, Wyatt Earp tí ẹ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn àbúrò méjì yẹn. Ohun tí sinimá kì í sábà dúró lé ni pé àríyànjiyàn lórí ibi tó yẹ kí ìbọn wà, àti ìgbà tó yẹ kó ti wà níbẹ̀, wà nídìí ìjà ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ ká wá sí òfin tòní. Ó wà nínú ìwé òfin Arizona, abala 13-3102 àti 13-3102.01. Mo dárúkọ nọ́ńbà rẹ̀ kí àwọn ọmọ wa lè lọ kà á fúnra wọn, kí wọ́n má baà ní bàbá àgbà ló ń pa àlọ́.

Ohun tó sọ nìyí. Bí ibì kan bá jẹ́ ti ìjọba, tàbí tó jẹ́ pé ìjọba ló ń lò ó, ilé ni o, ọkọ̀ ni o. Tàbí bó bá jẹ́ ayẹyẹ tó lórúkọ, tó ní ọjọ́ tó máa parí, tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe é tàbí tí aládàáni gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kó tó ṣe é, ẹni tó ń ṣàkóso ibẹ̀ lè sọ fún ẹni tó gbé ìbọn wá pé, jọ̀wọ́, bọ́ ọ sílẹ̀, jẹ́ ká bá ọ tọ́jú ẹ̀. Bí onítọ̀hún bá kọ̀ tó sì gbé e wọlé, ó ti dẹ́ṣẹ̀ sí òfin, ó sì lè fi ẹ̀wọ̀n tó tó oṣù mẹ́fà jura.

Ẹ wá fetí sí èyí tó kàn, torí òun ló mú mi dìde lónìí. Ẹni tó ní kí wọ́n bọ́ ìbọn sílẹ̀, òun náà ni òfin ní kó pèsè ibi tí ìbọn náà máa wà. Ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ààbò. Ó gbọ́dọ̀ wà nítòsí ibi tí ènìyàn ń gbà wọlé, kó má jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ wọ gbọ̀ngàn ní láti kọ́kọ́ rin ìrìn máìlì kan. Bí ẹni náà bá sì ń jáde, lójú ẹsẹ̀ ni kó gba ohun ìní rẹ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé àpótí irin oníkọ́kọ́rọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé ìjọba àti gbọ̀ngàn ìlú níbẹ̀, tí ẹni tó dé á fi ìbọn sínú rẹ̀, á tì í, á mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, á wọlé lọ ka ìwé rẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Òfin yẹn kò ní "fi ìbọn rẹ sílé." Ẹni tó ti oko rẹ̀ bọ̀ tó ní kóun dúró san owó orí nílé ìjọba, ilé rẹ̀ jìnnà. Bí o bá ní kó má wọlé, tí o ò sì sọ ibi tó máa gbé ìbọn sí, o ti lé e lọ nìyẹn, tàbí o ti kọ́ ọ láti máa fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ibí yìí ni mo ti padà sọ́dọ̀ ẹ̀yin àgbà ọdẹ. Àbá wa, bó ṣe wà nínú ìwé tí a pín, dẹ́nu mọ́ "kí ẹnikẹ́ni má gbé." Ọdẹ tó ti igbó bọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé, tí ilé rẹ̀ wà ní abà tó jìn sí ìlú, kí ni kó ṣe? Kó so ìbọn mọ́ igi? Kó gbé e fún ọmọ tó ń ta àkàrà? Mo ti rí ìbọn tí wọ́n fi ti ara ògiri lẹ́yìn ilé níbi ìnáwó, tí àwọn ọmọdé ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà ti rí i.

Àwọn nǹkan mìíràn wà nínú òfin Arizona tó yẹ ká mọ̀. Ibi tàbí ayẹyẹ tó bá gba ìwé àṣẹ àtita ọtí, òfin ìpamọ́ yìí kò kàn án, kò di dandan fún un láti pèsè àpótí. Èmi rò pé wọ́n gbọ́n níbẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni tó mu ọtí yó wá gba ìbọn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní agogo méjìlá òru, òfin sì ní kí o dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀! Níbi ọdún tiwa, tí ẹmu àti sódabì ń ṣàn, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní ọjọ́ ìdìbò, ẹ̀wẹ̀, òfin náà ṣe ṣókí: kò sí ìbọn nínú ibùdó ìdìbò, àfi lọ́wọ́ ẹni tí òfin yọ̀ǹda fún. Kò dúró de ẹnì kan kó tó béèrè.

Òfin náà tún ní ibi tó mọ. Ayẹyẹ tí kò ní olórí, tí àwọn ènìyàn kàn péjọ síta gbangba fúnra wọn, kò sí lábẹ́ rẹ̀, torí kò sí ẹni tó máa béèrè, kò sì sí ẹni tó máa pèsè. Ṣọ́ọ̀bù aládàáni náà kò sí lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló ń sọ ohun tó fẹ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 2011, aṣòfin obìnrin kan, Gabrielle Giffords, ń bá àwọn ará àdúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kan nítòsí Tucson ní Arizona. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yìnbọn lù wọ́n. Ènìyàn mẹ́fà kú, ẹni 13 fara gbọta. Giffords fúnra rẹ̀ gbọta lórí, ó sì yè é. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń ta oògùn tó ń wo gbogbo àrùn. Àpótí kò lè dá ẹni tó jáde nílé láti pànìyàn dúró. Olóòótọ́ ènìyàn ni àpótí wà fún, ẹni tí kò gbèrò ibi, ṣùgbọ́n tí ìbínú tàbí ọtí tàbí ọwọ́ ọmọdé lè sọ ìbọn rẹ̀ di ẹ̀bi. Nínú àpéjọ tiwa, irú wọn ló pọ̀ jù.

Ibì kan wà nínú òfin ọ̀hún tí n kò fara mọ́. Ó ní ẹni tó gba ìbọn pamọ́, tàbí òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò ní jẹ̀bi ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nídìí rẹ̀, àyàfi bó bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ ṣe ìpalára, tàbí tó bá jẹ́ aláìbìkítà tó burú jáì. Mo mọ ìdí rẹ̀. Bí wọn kò bá dáàbò bo olùtọ́jú, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ gba ẹrù náà. Àmọ́ láàrin aláìbìkítà tó burú jáì àti ẹni tó kàn gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn, àyè ńlá wà, inú àyè yẹn ni ìbọn olówó iyebíye máa ń bá sọnù. Bí ọba bá gba ìbọn ọdẹ pamọ́, tí ó sì sọnù, ṣé ọdẹ máa gbà pé "a ò mọ̀ọ́mọ̀"? Àwa níbí mọ ara wa, a mọ ilé ara wa. Lójú tèmi, ẹni tó gbà á pamọ́ ló gbọ́dọ̀ dáhùn fún un.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n fi ojú kejì ọ̀rọ̀ náà hàn yín, torí ẹ̀yin olóyè ni yóò kàn jù. Òfin tó ní "bí o bá dá ìbọn dúró, pèsè ibi ìpamọ́" lè di ohun tí wọ́n ń fi dí ọ lọ́wọ́. Ilé aṣòfin Arizona gbìyànjú rẹ̀. Ní 2011, ní 2012, àti ní 2014, wọ́n gbé àbá òfin tó fara jọra lọ sọ́dọ̀ gómìnà Brewer. Èyí tó wá ní 2012 ní kí ilé ìjọba gba ìbọn láàyè, àfi bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tó ń mọ irin lára ènìyàn sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n sì fi ẹ̀ṣọ́ tó ní ìbọn tì í. Àpótí nìkan kò tó mọ́. Brewer yìí kan náà ló fọwọ́ sí òfin pé kí àwọn ènìyàn máa gbé ìbọn láìgba ìwé, kì í ṣe ọ̀tá oníbọn rárá. Síbẹ̀ ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dá a padà. Nínú lẹ́tà rẹ̀ ní 2012, ó ní ìpinnu lórí irú ibi bẹ́ẹ̀ yẹ kó jẹ́ èyí tí ará ìlú, ọlọ́pàá àti àwọn aṣáájú ìbílẹ̀ jọ fẹnu kò lé lórí.

Ìpínlẹ̀ Kansas kò rí ẹni dá a padà fún wọn. Òfin wọn ti ọdún 2013 ní ilé ìjọba kò lè kọ ìbọn tí wọ́n fi sábẹ́ aṣọ mọ́, àfi bó bá ní ẹ̀rọ àti ẹ̀ṣọ́ ní gbogbo ẹnu ọ̀nà tí ará ìlú ń gbà wọlé. Ní ti àpótí ìpamọ́, òfin Kansas kàn ní wọ́n lè pèsè rẹ̀ ni, kò pàṣẹ. Wọ́n gba àwọn ibì kan láàyè láti sún un síwájú títí di ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2017. Nígbà tí ọjọ́ ń sún mọ́ etílé, ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó tí àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ tiwọn máa ná lórí ẹ̀ṣọ́ àti ẹ̀rọ. Ó ju mílíọ̀nù dọ́là mẹ́wàá lọ lọ́dún kan. Ojú aṣòfin là. Wọ́n sáré ṣòfin mìíràn láti yọ àwọn ilé ìwòsàn kúrò, gómìnà Sam Brownback kò fọwọ́ sí i, kò sì dá a padà, ó kàn jẹ́ kó di òfin bẹ́ẹ̀. Àwọn yunifásítì kò rí irú àánú yẹn gbà, láti ọjọ́ 1 oṣù keje yẹn ni wọ́n ti ní láti gba ìbọn láàyè nínú ilé wọn tí kò ní ẹ̀rọ. Ìlú tó lówó lè kọ ìbọn, ìlú tí kò lówó kò lè kọ̀ ọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sínú àbá tiwa lórúkọ "ààbò tó péye." Abúlé wo nínú wa ló ní owó ẹ̀rọ?

Ọ̀nà kẹta tún wà, ti West Virginia. Òfin wọn ti 2014 jẹ́ kí ẹni tó ní ìwé àṣẹ gbé ìbọn ìléwọ́ wọ ilé eré ìdárayá tí ìlú kọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi í pamọ́ síbi tó ní ààbò, tójú ẹlòmíràn kò tó, tọ́wọ́ ẹlòmíràn kò tó, ní gbogbo ìgbà tó bá fi wà níbẹ̀. Ẹ rí ìyàtọ̀? Ní Arizona, onílé ló ń tọ́jú. Ní West Virginia, àlejò ló ń tọ́jú ara rẹ̀. Èyí sàn fún àpò ìlú, ṣùgbọ́n ta ló ń wò ó pé ó tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́?

Ẹnìkan lè ní, kí ló kàn wá nínú gbogbo èyí, a kì í ṣe ará Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ibi ìpamọ́ ti wà nínú àdéhùn àwa náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2006, àwọn olórí orílẹ̀-èdè CEDEAO fọwọ́ sí àdéhùn lórí ìbọn kéékèèké ní Àbújá, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú ẹgbẹ́ náà. Àdéhùn yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009. Abala 14 rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìbọn lọ́wọ́ ará ìlú. Ó ní kí wọ́n tó fún ènìyàn níwèé àṣẹ, kó fi hàn pé òun ní ìdí pàtàkì, pé òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó láìséwu, àti pé òun ní ibi tó láàbò tí ìbọn máa wà, kí ọta rẹ̀ sì wà níbòmíràn ọ̀tọ̀. Nípa ilé ni wọ́n ń sọ o, wọn kò ronú kan ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ ìsìnkú. Ibẹ̀ ni àwa fúnra wa máa fi òye dí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yí padà nínú àbá náà kò pọ̀. Kí a má kọ "kí ẹnikẹ́ni má gbé" láìkọ ibi tí yóò gbé e sí. Kí ìwé ìkésíni gbogbo àpéjọ sọ orúkọ ilé tó máa gba ìbọn pamọ́, kí ilé náà sì wà lójú ọ̀nà àbáwọlé, kì í ṣe ẹ̀yìn ọjà. Yàrá kan tó ní ilẹ̀kùn líle àti kọ́kọ́rọ́ méjì ti tó wa, owó rẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀fà bí a bá lo èyí tó ti wà nínú àgbàlá baálẹ̀. Àpótí Arizona kò bá wa mu, ìbọn ìléwọ́ ni wọ́n ṣe é fún, ṣakabùlà tiwa gùn ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Kí ọdẹ àgbà méjì jókòó síbẹ̀, kí wọ́n má mu ọtí lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n sì ní kàyé kan tí orúkọ, abúlé, àti àmì ara ìbọn máa wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gba tirẹ̀ padà á tẹ̀ka. Ẹni tó bá mutí yó kò ní gbà á títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́, bó bá bínú, kó bínú. Ní ti ọjọ́ ìdìbò, ẹ jẹ́ ká jìnnà pátápátá, kí ìbọn má sún mọ́ ibẹ̀, kí yàrá ìpamọ́ pàápàá má ṣí.

Ìbọn tí wọ́n ń yìn fún òkú ọdẹ, n kò fọwọ́ kàn án. Ètùtù ni, kì í ṣe ohun tí ẹgbẹ́ lè fi ìbò lé lọ. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni kí Olúọ́dẹ yan àwọn tó máa yìn ín, kí a mọ iye wọn, kí a mọ ibi tí wọ́n máa dúró sí, kí méèrì àti kọmísáríà sì gbọ́ ṣáájú. Nígbà tó bá parí, kí ìbọn padà sí yàrá kí àwo oúnjẹ tó jáde.

Ó ku ohun kan tí ìwé òfin kankan nínú àwọn tí mo kà kò lè sọ fún mi, torí irú ìbọn tiwọn kọ́ ni tiwa. Ìbọn ìléwọ́, o lè yọ ọta rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kó tó wọ àpótí. Ṣakabùlà tí ọdẹ ti ki ẹ̀tù àti ọta sí nínú igbó láàárọ̀, kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Bí a bá ní kí ó yìn ín dànù, ariwo á dẹ́rù ba ìlú, ẹ̀tù tó fowó rà á sì ṣòfò. Bí a bá sì tì í mọ́ yàrá bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìbọn ogún mìíràn tí wọ́n ti ki, èmi kò ní fẹ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà. Ṣé yíyọ ohun kékeré tí òòlù ìbọn ń lù kúrò ti tó láti fi ọkàn balẹ̀, àbí kí a ní yàrá méjì, ọ̀kan fún èyí tí wọ́n ti ki? Olúọ́dẹ, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n jù gbogbo wa lọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí alága tó ní kí àwọn yòókù sọ tiwọn, ẹ dìde kí ẹ dá wa lóhùn.